Kóńgò 33 kọ́ ni 50 kílò: ọ̀rọ̀ gààrí tó fẹ́ dìjà láàárín Ìjẹ̀bú-Igbó àti London

Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, torí ó kù díẹ̀ kó tú èèyàn méjì tí mo fẹ́ràn ká, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó jalè nínú àwọn méjèèjì. Àbúrò ìyá mi ni ẹni àkọ́kọ́, gààrí ló ń tà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó ti lé ní 20 ọdún tó ti wà nídìí ẹ̀, Ìyá Onígààrí ni gbogbo ọjà ń pè é, èmi Màámi ni mò ń pè é torí ọwọ́ ẹ̀ ni mo dàgbà sí. Ẹnì kejì, ẹ jẹ́ ká kàn máa pè é ní Ìyá Ìbejì, ọmọ ọ̀rẹ́ Màámi kan tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè ni, London lòun àti ọkọ ẹ̀ ń gbé báyìí. Èmi ni mò ń bá Màámi ka wọ́ọ̀sáàpù ẹ̀, èmi náà ni mò ń bá a fèsì, torí náà kò síbi tí ọ̀rọ̀ yìí gbà tí kò ṣojú mi.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Alẹ́ ọjọ́ kan ni Ìyá Ìbejì fi ohùn ránṣẹ́ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o Mà. Gààrí Ìjẹ̀bú ni mo fẹ́ Mà, èyí tó kan dáadáa tó sì gbẹ, 50 kílò, èèyàn 10 ló ti bá mi sọ ọ́, 5 kílò ẹnì kọ̀ọ̀kan, èló ni gbogbo ẹ̀ máa jẹ́ Mà?"

Màámi kì í ta gààrí ní kílò. Mi ò tíì rí ẹni tó ń tà á ní kílò nínú ọjà wa, kóńgò ni, àfi tó o bá fẹ́ ra odidi àpò. Màámi bá kígbe pe ìyá tó ń ta ìrẹsì lódìkejì pé kóńgò kan, kílò mélòó ló jẹ́, ìyẹn dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé kílò kan ààbọ̀ ni o. Kò purọ́. Ẹni tó bá ń ta ìrẹsì mọ̀ pé kóńgò ìrẹsì kan kì í jìnnà sí kílò kan ààbọ̀. Màámi ní kí n fi 1.5 pín 50 lórí fóònù, ó gbé 33 àti díẹ̀ jáde, ó ní kò burú, kóńgò 33, òun á fi kóńgò kan ṣe èènì kó lè pé dáadáa, ó wá fi iye tí kóńgò kan jẹ́ lọ́jọ́ náà lu 33, ó ní kí n sọ fún un. Ìyá Ìbejì sanwó lọ́jọ́ kejì láìná an rárá.

Àpò ìrẹsì òfìfo kan tí wọ́n kọ 50kg gàdàgbà sí lára ni wọ́n kó gààrí ọ̀hún sí. Nígbà tí Màámi máa fi wọn kóńgò 34 tán, àpò ti kún dé ẹnu, agbára káká la fi rán an. Ẹ wá wo bọ́kàn Màámi ṣe balẹ̀ o, ìṣirò orí fóònù ní 50 kílò, àpò náà ní 50 kílò, kí ló tún kù? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé e lọ fáwọn oníkágò ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n gbowó, wọ́n fún un ní pépà, ó ká pépà sápò ṣòkòtò, ó di ọjọ́ mìíràn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ohùn Ìyá Ìbejì tún wọlé, ohùn yẹn ti yàtọ̀. Ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí mi, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́." Ó ní òun ní síkéèlì kékeré kan nínú kíṣìnì, òun fi ń di gààrí náà ní kílò 5 kílò 5, lọ́rà 8 ló pé, ìkẹsàn-án ò tiẹ̀ pé kílò kan, 800 gíráàmù péré. Èèyàn méjì ń bẹ tí òun ti gbowó wọn tí òun ò rí gààrí fún. Ó wá sọ èyí tó dùn wá jù, ó ní, "Ṣé wọ́n bù ú lọ́nà ni Mà, àbí kóńgò yín ló kéré?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọjà á mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ tó burú jùyẹn lọ téèyàn lè sọ sí onígààrí. Àwọn kan wà tó máa ń lu ìdí kóńgò wọnú kí nǹkan tó máa gbà lè dín kù, gbogbo wa la mọ̀ wọ́n, orúkọ tí wọ́n ní lọ́jà ò dáa. Màámi ò fọhùn. Ó gbé kóńgò ẹ̀ nílẹ̀, ó da ojú ẹ̀ dé, ó ní kí n ya fọ́tò ìdí ẹ̀ ránṣẹ́ sí i, kó wò ó bóyá òun lù ú wọnú. Mo yà á. Ìdí kóńgò yẹn tẹ́ rẹ́gí. Màámi ò jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ilẹ̀ mọ́, fọ́tò kan wọlé látọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì. Ó ní ọjọ́ tí àpò dé lòun yà á, ó wà lórí síkéèlì tí wọ́n fi ń wọn ara wọn nílé, kí Màámi náà fojú ara ẹ̀ rí i. Nọ́ńbà tó wà lójú síkéèlì ọ̀hún ni 91.0.

Hà! Màámi fò dìde. "91! 50 ni mo ní màá fún un, 91 ló gbà! Wò ó, pè é fún mi, pè é báyìí!" Ó ti ń pe àwọn ọmọ ọjà kí wọ́n wá wò ó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, torí lójú ẹ̀ Ọlọ́run ti gbèjà ẹ̀ nìyẹn. Èmi ni mo ní ẹ fara balẹ̀ Mà. Mo fẹ fọ́tò yẹn tóbi, mo rí lẹ́tà kékeré méjì ní igun nọ́ńbà náà, lb. Páùn ni. Kì í ṣe páùn owó o, páùn ìwúwo, orúkọ kan náà lòyìnbó fún àwọn méjèèjì. Láti 1959 ni Amẹ́ríkà, Bìrìtìkó àtàwọn mìíràn ti fẹnu kò sí iye tí páùn ìwúwo kan jẹ́, ó lé díẹ̀ ní 453 gíráàmù, kò tó ààbọ̀ kílò. Mo fi lu 91 lórí fóònù, ó fún mi ní kílò 41.3. Mo wá ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ wá pépà kágò wá nínú ṣòkòtò tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, a rí i, ó ti rún, àmọ́ ó ṣì ṣeé kà. 41.3 kílò. Àwọn oníkágò ti kọ ọ́ síbẹ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde, kò sẹ́ni tó kà á nínú wa.

Nígbà yẹn ni mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó bu gààrí lọ́nà. Ohun tó jáde lọ́wọ́ wa náà ló dé London. Ó wá kù ká mọ ohun tó dé bá 50 kílò.

Mo lọ yá síkéèlì lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹja inú fírísà, torí àwọn nìkan ló ń fi kílò tajà lágbègbè wa. Kí n tó fi wọn nǹkan kan, mo ní ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá òun fúnra ẹ̀ ń sòótọ́. Mo gbé báàgì píọ̀ wọ́tà kan lé e, lọ́rà 20 ni, 50cl lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn lítà 10. Lítà omi kan, kílò kan ni, tí àwọn tó dì í bá ti dì í pé, ó yẹ kó sún mọ́ kílò 10. Ó gbé 10 jáde, ó lé díẹ̀ torí ọ̀rá. Ó dáa.

Lẹ́yìn náà mo gbé kóńgò Màámi kalẹ̀. Mo rọ omi kún un dé ẹnu gẹ́lẹ́, mo yọ ìwúwo kóńgò fúnra ẹ̀ kúrò, ó kù kílò 1.75. Ìyẹn ni pé lítà 1.75 ni àyè inú kóńgò Màámi. Mo nù ún gbẹ, mo bu ìrẹsì kún un, mo fi igi gé ẹnu ẹ̀ pẹrẹsẹ, kílò 1.45. Mo da ìrẹsì padà fún oníǹkan, mo bu gààrí, mo gé e pẹrẹsẹ bákan náà. Kílò 1.05!

Màámi ní kí n tún un ṣe, mo tún un ṣe, 1.05 náà ni. Kóńgò kan náà, ó kún bákan náà, ìrẹsì fi 400 gíráàmù wúwo ju gààrí lọ. Àmọ́ Màámi kì í gé kóńgò pẹrẹsẹ fún oníbàárà, tiẹ̀ máa ń ga ṣóńṣó ni, torí náà mo ní kó wọ̀n ọ́n fúnra ẹ̀ bó ṣe ń wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Ó bù ú, ó fi ọwọ́ òsì ká ẹnu kóńgò, ó dà á sí i títí tó fi ń dà sílẹ̀. Kílò 1.2. Mo tún gbìyànjú ẹ̀ kan, mo bu pẹrẹsẹ, mo gbọn kóńgò mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, gààrí wọlẹ̀, mo fi kún un, mo gé e, ìyẹn jẹ́ 1.15. Ẹ gbọ́ o, láti 1.05 dé 1.2, kóńgò kan, gààrí kan, kò sẹ́ni tó purọ́, ọwọ́ tó wọ̀n ọ́n ló yàtọ̀.

Kóńgò 34 tó ga ṣóńṣó, ní 1.2, kílò 40.8. Fi àpò àti ọ̀rá tó wà nínú ẹ̀ kún un, ààbọ̀ kílò, ó di 41.3. Nọ́ńbà tó wà lórí pépà kágò nìyẹn gan-an. Nígbà tí mo kọ ọ́ síwájú Màámi, kò tètè sọ nǹkan kan. Ó kàn wá ní, "Àṣé ìrẹsì ni wọ́n ń wí fún mi."

Gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀hún nìyẹn. Àyè ni kóńgò ń wọ̀n. Ó ń sọ bí nǹkan ṣe gba àyè tó, kò sọ bó ṣe wúwo tó, kò tiẹ̀ mọ ohun tó wà nínú ara ẹ̀, ìbáà ṣe gààrí, ìbáà ṣe ẹ̀wà, ìbáà ṣe òkúta. Ẹgbẹ́ ẹ̀ ni dẹ̀ríkà, ẹgbẹ́ ẹ̀ ni kọ́ọ̀pù mílíìkì, ẹgbẹ́ ẹ̀ ni rọ́bà páńtì, lítà náà sì wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, àti cl tí wọ́n ń kọ sára ìgò omi. Ìwúwo ni kílò àti gíráàmù àti páùn àti tọ́ọ̀nù ń wọ̀n. O ò lè ti inú ẹgbẹ́ kan bọ́ sínú ìkejì láì kọ́kọ́ béèrè pé kí ni a ń wọ̀n. Omi nìkan ló rọrùn, torí àwọn Faransé tó dá gíráàmù sílẹ̀ ní 1795 mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi omi ṣe é ni, omi tó kún inú àpótí kékeré kan tí gígùn, fífẹ̀ àti gíga ẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan, wọ́n ní ìwúwo ìyẹn ni gíráàmù kan. Ìdí nìyẹn tí lítà omi fi jẹ́ kílò kan títí dòní. Ẹni tó bá ń ta epo pupa mọ̀ pé epo máa ń léfòó lórí omi, ìyẹn ni pé tí àyè wọn bá dọ́gba, epo ló fúyẹ́ jù, torí náà kẹ́ẹ̀gì epo lítà 25 kì í wúwo tó kílò 25, bíi kílò 23 ni.

Àpò yẹn náà, èmi ò bínú sí Màámi rárá pé ó gbà á gbọ́. Wọ́n kọ 50kg sí i lára lóòótọ́, àmọ́ ìwúwo ìrẹsì tó ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ti àpò. Àyè ni àpò ní. Nígbà tí gààrí kún àyè yẹn, ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú kóńgò náà ló tún ṣẹlẹ̀ nínú àpò, àṣìṣe kan náà la ṣe lẹ́ẹ̀mejì tá a wá rò pé ìkejì ń jẹ́rìí àkọ́kọ́. Èyí ló dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ká ní àpò yẹn ò kún ni, à bá ti fura.

Màámi béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà tí mo rò títí. Ó ní, "Ó dáa, kóńgò tèmi, èmi ni mo rà á, tí ẹlòmíì lè tóbi jù ú lọ. Kílò wá ńkọ́, ta ló ni ti tòótọ́?" Mo ní ìbéèrè gidi nìyẹn Mà. Láti 1889, irin kékeré kan ló wà nítòsí Paris, platinum àti iridium ni wọ́n fi ṣe é, òun ni kílò fún gbogbo ayé, wọ́n fi ìgò dé e, wọ́n tì í mọ́lé, àwọn orílẹ̀-èdè ní ẹ̀dà ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń kó ẹ̀dà wá wọ̀n pẹ̀lú ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n rí i pé ìyàtọ̀ tó kéré gan-an ti ń wọ àárín wọn. Ní 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, wọ́n yọ irin yẹn kúrò nípò, wọ́n gbé kílò lé orí nọ́ńbà kan tí kì í yí padà nínú ẹ̀kọ́ físíìsì, Planck constant ni wọ́n ń pè é. Torí náà kílò ò sí lọ́wọ́ ẹnì kankan mọ́, kílò ẹlẹ́ja Ìjẹ̀bú-Igbó àti kílò London, ọ̀kan náà ni wọ́n, tí síkéèlì bá ti péye. Kóńgò ò ní irú ẹ̀. Kò sí ilé kankan tí wọ́n tọ́jú kóńgò àkọ́kọ́ sí. Màámi ní, "Ìdí nìyẹn tá a fi ń fi èènì sí i."

Ohun tó sọ yẹn jinlẹ̀ lójú tèmi. Kóńgò ń ṣiṣẹ́ lọ́jà wa torí olùrà àti olùtà jọ dúró ni, ìwọ náà ń wò ó bó ṣe ń bù ú, o lè ní ẹ jẹ́ kó ga díẹ̀ sí i Mà, ojú ẹ ló ṣe ẹ̀rí. Ẹni tó wà ní London kò sí níbẹ̀. Òun nílò òṣùwọ̀n tó máa bá a sọ̀rọ̀ láìsí ojú níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ má rò pé kílò ló gbọ́n ju kóńgò lọ ní gbogbo ọ̀nà o. Màámi ló là mí lójú lórí èyí. Ó ní tí gbogbo wa bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta gààrí ní kílò, àwọn kan ò ní yan án gbẹ mọ́. Òótọ́ ni! Omi ní ìwúwo. Ẹni tó bá yan gààrí tí kò gbẹ, kílò á máa sanwó omi fún un. Gààrí Ìjẹ̀bú tó dáa, wọ́n á da ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti lọ̀ sínú àpò, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kó lè kan, wọ́n á fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ kí omi ẹ̀ jáde, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á yan án títí á fi máa dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ nínú agbada, gbogbo wàhálà yẹn, ìwúwo ló ń dín kù. Àjọ Codex tó ń ṣe ìlànà oúnjẹ fún gbogbo ayé ní omi inú gààrí kò gbọ́dọ̀ ju 12 nínú 100 lọ, níwọ̀n ìwúwo ẹ̀. Nínú 50 kílò, kílò 6 nìyẹn, omi lásán. Torí náà ẹni tó bá fẹ́ ra gààrí ní kílò, kó kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀, kó fún un, tó bá ṣù mọ́ ara wọn, kó máa lọ.

Ẹ tún jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ kan nípa kílò fúnra ẹ̀. Kílò ò túmọ̀ sí ìwúwo. 1000 ló túmọ̀ sí. Kílògíráàmù ni gíráàmù 1000, kílòmítà ni mítà 1000, kílòwáàtì ni wáàtì 1000. Àwa la gé ìdí ẹ̀ jù nù. Awakọ̀ á ní òun ń sá 100 kílò lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Ọrẹ, kílòmítà ní wákàtí kan ló ń sọ, ìyẹn ń wọn eré. Yúníìtì tá à ń rà sí mítà iná, kílòwáàtì wákàtí kan ni, iná tí a jẹ lápapọ̀ ló ń wọ̀n, ìyẹn ni pé ohun tó ń jẹ wáàtì 1000 á jẹ yúníìtì kan tó o bá tàn án fún wákàtí kan. Orí wọn jọra, ohun tí wọ́n ń wọ̀n ò jọra rárá.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Èmi ló ní kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ lórí fídíò, mo sì wọ̀n ọ́n lójú Ìyá Ìbejì, ìrẹsì, gààrí, omi, gbogbo ẹ̀. Ìyá Ìbejì kúnlẹ̀ nínú kíṣìnì ẹ̀ ní London, ó ní, "Mà, ẹ foríjì mí, ọ̀rọ̀ kóńgò tí mo sọ yẹn kò yẹ kó jáde lẹ́nu mi." Màámi ní dìde ọmọ mi, ìwọ náà ti gbowó ọlọ́wọ́, jìnnìjìnnì ló mú ẹ.

Tẹ́ ẹ bá wò ó, Ìyá Ìbejì ò pàdánù lọ́wọ́ Màámi, owó kóńgò 33 ló san, kóńgò 34 ló gbà. Màámi náà ò jẹ èrè kankan tí kò tọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ 50 kílò ni wọ́n jọ fi ẹnu kò sí. Èrò tèmi ni pé ẹni tó ní 50 kílò lòun máa tà ló yẹ kó gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìnáwó kágò tó máa tún ṣẹlẹ̀, mo sì sọ ọ́ fún Màámi lójú ẹ̀, kò bínú. Ó ku kílò 9.2. Kóńgò 8 á jẹ́ 9.6. Ìyá Ìbejì á san owó kóńgò 8 ní iye àtijọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gààrí ti wọ́n sí i lọ́jà, Màámi á san kágò. Ìyá Ìbejì yarí, ó ní òun á san ìdajì kágò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe parí.

Ibi tá a ti ń dì í ni wàhálà mìíràn fẹ́ yọjú. Ìléyá ti sún mọ́, Ojúde Ọba sì máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Ìléyá, Ìyá Ìbejì àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fẹ́ ṣe tiwọn ní London, ó ní ká bá òun ra gèlè 4 tí wọ́n ti wé sílẹ̀, kó bá kóńgò 8 yẹn wá kíákíá. Nítorí kíákíá yẹn, a ò gba ọ̀dọ̀ àwọn àkọ́kọ́, àwọn tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e débi ilé la lọ bá. A to gèlè sínú páálí ńlá kan kí ó má bàa tẹ̀, gbogbo ẹ̀ ò ju kílò 3 lọ. Ẹni tó wà ní káńtà mú tépù, ó wọn páálí náà, 60 sẹ̀ǹtímítà, 50, 40, ó lu ara wọn, ó fi 5000 pín in, ó ní kílò 24.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gbaná jẹ. Mo ní dúró ná. Ọkọ̀ òfuurufú ní ìwúwo tó lè gbé, ó sì ní àyè tó lè gbà, ohun tó fúyẹ́ tó sì tóbi máa gba àyè ẹrù ẹlòmíì, torí náà wọ́n á wo méjèèjì, èyí tó bá pọ̀ jù ni wọ́n á gbowó ẹ̀. Kílò ni wọ́n pè é, àmọ́ àyè ni wọ́n wọ̀n. Gààrí ò ní ìṣòro yẹn, páálí kékeré tí kóńgò 8 wà nínú ẹ̀, tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n ní tépù kò ju kílò 4 lọ, síkéèlì ni wọ́n máa gbà gbọ́ lórí tiẹ̀. Gèlè ni afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ fẹ́ jẹ wá lówó. Mo pe Ìyá Ìbejì, mo ní ṣé ẹnì kan wà lọ́dọ̀ yín tó mọ gèlè wé Mà, ó ní ó wà. A tú gèlè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ká wọn sínú páálí 40, 30, 20, ó di kílò 4.8, àwọn yẹn kà á sí 5.

Màámi ti ra síkéèlì tiẹ̀ báyìí, ó fi bíírò kọ 1.2 sí ẹ̀gbẹ́ kóńgò ẹ̀, ó lẹ lọ́rà mọ́ ọn kó má bàa pa rẹ́. Tí ẹni tó wà lókèèrè bá ní òun fẹ́ gààrí, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ sọ pé kí n bi í ni pé kóńgò ni àbí kílò.

Nígbà tí páálí gààrí kejì dé London, Ìyá Ìbejì tún ya fọ́tò ẹ̀ lórí síkéèlì yẹn ránṣẹ́. Mo na fóònù sí Màámi, kò gbà á. Ó ní kí n kọ́kọ́ wo igun ibẹ̀, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo ní kg ni Mà. Ó ní, "Ẹ̀hẹ́n, ka nọ́ńbà ẹ̀ fún mi wàyí."

10.1 ni, gààrí àti páálí ẹ̀.